Alága Tí Wọ́n Ń Bá Na Ilẹ̀

Ẹ fa ẹsẹ̀ yín mọ́ra, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sọ́nà. Ọ̀rọ̀ ńlá kan ń bọ̀, agbádá rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, kì í sì í wo ibi tó ń tẹ̀. Bó bá fi ẹsẹ̀ kọ yín, yóò ní ẹ̀yin lẹ gbé òun ṣubú.

Olóyè Barnabas Akíndèjì, ará Àpòmù, ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí oyè rẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń rákòrò. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ obìnrin ni ìyá rẹ̀ tó rí ọkùnrin kan ṣoṣo yìí bí, ẹyin ojú sì ni. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Bí ọmọ bá ṣubú, ìyá á sáré gbé e, á ní, “Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Kí ló gbé ọ ṣubú? Ilẹ̀ burúkú yìí ni? Ó dáa, jẹ́ ká nà án.” Á fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ pá, pá. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ò ní fèsì, ilé á sì tòrò. Kò sí ìyá àgbà kan láti Ìkirè dé Wásinmi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ẹ̀sùn náà.

Àmọ́ ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n. Ìyá Barnabas na ilẹ̀ títí kòtò fi lu sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó na ògiri, ó na odó. Ọmọ bu ọbẹ̀ gbígbóná sẹ́nu, ìyá na ìkòkò. Ọmọ gbé ipò ìkẹyìn ní kíláàsì, ìyá wọ gèlè, ó lọ sí iléèwé, ó na bẹ́ǹṣì tí ọmọ ń jókòó lé, ó ní bẹ́ǹṣì náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọ̀ ọ́ lára. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ilẹ̀ ń jẹgba. Nígbà tí Barnabas fi ń hu irùngbọ̀n, ó ti dá a lójú pé kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí òun rí tí ọwọ́ òun wà níbẹ̀.

Ó fẹ́ Fọláṣẹwà, tíṣà tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Kò pẹ́ tí obìnrin náà wọlé ni ọkọ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ igun bẹ́ẹ̀dì. Ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ń retí. Ìyàwó ń di irun rẹ̀ lọ.

“Fọláṣẹwà, ṣé o ò rí mi ni?”

“Mo rí yín, olówó orí mi.”

“Kí lo wá ń wò?”

“Mò ń wò ó pé bẹ́ẹ̀dì yìí ò kúrò níbi tó wà látàná.”

Nígbà tí Barnabas rí i pé ìyàwó tí òun fẹ́ kì í na nǹkan, ó wá ẹni tí yóò máa bá òun nà án lọ. Bó ṣe rí Àbídì nìyẹn, ọmọ Ìkòyí tó ti rokọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le bí awọ bàtà, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ. Níbi tí ahọ́n bẹ́ẹ̀ bá ti pàdé ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má wàhálà, onítọ̀hún ti ríṣẹ́.

Nígbà tó ṣe, wọ́n fi Barnabas jẹ Alága Ìgbìmọ̀ Àmójútó Jẹ́lé-ó-sinmi fún Ìkirè àti Àpòmù. Ẹ má bi wá bó ṣe dé ibẹ̀. Àwọn tó fi í síbẹ̀ ní ibi tí kò ti lè ba nǹkan jẹ́ ni, wọ́n ní ọmọ tí kò tíì mọ imú fọn kì í kúkú dìbò.

Láràárọ̀ ni Àbídì máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ní Àpòmù tí á máa kí i. “Alága àwọn alága. Baba àwọn tí ò tíì hu eyín. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kí ìyá ọmọ tó lọ́kọ. Oòrùn tó yọ ní Àpòmù tí wọ́n fi ń sá aṣọ ní Ìkirè.”

“Àbídì, ohùn rẹ kéré lónìí. Ṣé ara rẹ ò yá ni?”

“Ìmọ́lẹ̀ ojú yín ló ká mi lóhùn, sà.”

Lọ́jọ́ kan tí Alága ń wọlé, tó gbé orí sókè kí ògo lè rí ibi bà lé, fìlà rẹ̀ gbá àtẹ́rígbà, ó jábọ́. Àbídì kọjú sí ilẹ̀kùn, ó gbá a létí ọ̀tún, ó gbá a létí òsì. “Ìwọ ilẹ̀kùn yìí, ṣé o mọ ẹni tí o fọwọ́ kàn?” Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ìgbátí lójú Alága. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá ilẹ̀kùn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n tú u, wọ́n gbé e ti ògiri níta bí ẹni tí wọ́n lé. Láti ọjọ́ náà ni ewúrẹ́ àdúgbò ti ń wọ ọ́fíìsì lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń sùn sábẹ́ tábìlì Alága. Ẹ fi ewúrẹ́ yìí sọ́kàn, a máa tó nílò rẹ̀.

Ibi tí nǹkan wà rèé nígbà tí fóònù dún láti Òṣogbo. Dókítà Olúwaṣeunfúnmi, obìnrin tí ìjọba fi ṣe olórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ní òun ń bọ̀ wá wo jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìkirè. Ó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti ní ìfaradà, kí ó lè jẹ́ pé bí ayé bá gbé e lulẹ̀, yóò mọ bí a ti ń dìde. Ó tún ní òun ń wá ẹnì kan tí yóò wá ṣe olùdámọ̀ràn òun ní Òṣogbo.

Bí Alága ṣe gbọ́ “olùdámọ̀ràn” ni etí rẹ̀ di sí gbogbo ohun tó kù. Ó ti rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ dúdú tí òmíràn ń ké fíìn-fíìn níwájú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣe láti ọjọ́ náà, nítorí Òṣogbo ló fi ṣe é.

Ó kó gbogbo tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi jọ ní Àpòmù, ó gòkè, ó wú ikọ́ ọlọ́lá mẹ́ta kan.

“Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin olùtọ́jú, ẹ̀yin olùnukun-imú orílẹ̀-èdè. Èmi Olóyè Barnabas Akíndèjì ti ro ọ̀rọ̀ ìfaradà. Mo rò ó lórí àga, mo rò ó lórí ibùsùn, mo rò ó nínú balùwẹ̀ títí omi fi tán. Ohun tí mo rí rèé. Ọmọ tí kò bá ṣubú, kò ní sunkún. Ọmọ tí kò bá sunkún, ó ti ní ìfaradà. Nítorí náà, láti òní lọ, ìṣubú di èèwọ̀ ní gbogbo jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹkún náà di èèwọ̀. Ọmọ tí ọ̀ràn bá ká lára tó fẹ́ ṣubú dandan, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ tíṣà rẹ̀.”

Àbídì pàtẹ́wọ́ títí ilé fi ń mì. Tíṣà Jemima, ìyá tó ti ń kọ́ ọmọ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, nawọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ńkọ́?”

“Kó jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n rìn.”

Jemima jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé tún dìde. Maimunah ni, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi Ìkirè gan-an tí Òṣogbo ń bọ̀ wá wò.

“Alága, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ tèmi máa ń ṣubú lójoojúmọ́.”

“O ò sì tijú láti sọ ọ́ níwájú èèyàn?”

“Wọ́n máa ń dìde lójoojúmọ́ náà, sà.”

Ẹnì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Alága wo gbogbo ilé yíká, kò mọ ikọ́ ta ni. Ó pinnu pé òun á fẹsẹ̀ òun dé Ìkirè.

Jẹ́lé-ó-sinmi Maimunah kò tóbi. Yàrá kan ni, àti igi máńgòrò kan, yanrìn tí àwọn bàbá ọmọ bá a kó dà sábẹ́ igi, àti pákó gbọọrọ kan tí wọ́n gbé lé orí ògbólógbòó táyà. Orí pákó yìí ni àwọn ọmọ ti máa ń na ọwọ́ méjèèjì bíi lékeléke, tí wọ́n á rìn láti orí dé ìdí. Pákó náà máa ń mì. Nítorí mímì rẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Òfin kan ló wà níbẹ̀ tó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀: Maimunah kì í bá ọmọ na ilẹ̀. Ìyá Àgbà Sàlámọ̀tù, tó ń dín dòdò tà nítòsí ibùdókọ̀, tí Qaosarat ọmọ ọmọ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀, ti fìgbà kan wá bá a jà.

“Maimunah, mi ò mọ̀ pé o ní ahun tó báyìí. Ilẹ̀ lásánlàsàn, o ò lè bá ọmọ nà án?”

“Ìyá, bí mo bá na ilẹ̀, ilẹ̀ ni yóò kọ́gbọ́n. Ọmọ ni wọ́n ní kí n wá kọ́.”

“Aláfojúdi ni ẹ́.”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ máa wò ó ná.”

Sàlámọ̀tù pòṣé dé ilé. Àmọ́ kò pẹ́ tí Qaosarat sáré, abọ́ dòdò bọ́ gbà-á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ológbò wà nítòsí tí ọmọ ì bá di ẹ̀bi rù. Ọmọ náà wo dòdò, ó ní, “Ìyá, mo sáré ni. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣà á.” Subhanallahi. Sàlámọ̀tù gbàgbé owó dòdò. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ ẹ bá ra dòdò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn yìí kó tó fún yín ní ṣéńjì.

Lọ́jọ́ tí Alága dé, orí pákó náà ni Qaosarat wà. Ó dé àárín, ó wo òkè, ó lọ sínú yanrìn gbì. Alága di àyà mú bí ẹni tí wọ́n yìnbọn lù. Àbídì fò sọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na yanrìn, yanrìn sì bù sí i lójú méjèèjì. Maimunah lọ lóṣòó síwájú ọmọ, bí ẹni pé kò sí ìjọba kankan níbẹ̀.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹyẹ ni mò ń wò.”

“Ṣé ó dùn ẹ́?”

“Ó dùn mí. Orúnkún.” Ló bá sunkún díẹ̀, ẹkún tí kò ju omi ìṣanwọ́ lọ, ó fi etí aṣọ nu ojú.

“Ṣé ká tún un ṣe?”

Ọmọ náà rò ó wò. Ó mi orí, ó padà gun pákó, ẹyẹ ké, kò dá a lóhùn, ó rìn ín já. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ ti rí ohun tí Òṣogbo ń wá. Ó wà níwájú Alága gbangba, ó ń gbọn yanrìn kúrò lára aṣọ. Ohun tí òun rí ni ọ̀daràn méjì: ìṣubú kan, ẹkún kan, láìgbàṣẹ.

“Ẹ kó yanrìn yìí kúrò. Pákó yẹn ti dá ọ̀ràn, kó tẹ̀ lé mi, yóò lọ sin ìjọba. Àwọn ọmọ, kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n ká ọwọ́.”

“Mi ò ní ṣe é, sà,” ni Maimunah wí. Ẹnu rẹ̀ ti yá jù ú lọ.

Alága rọra tún agbádá gbé sí èjìká. “Gbọ́ mi dáadáa. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá sunkún níwájú Dókítà, mo máa ti ilé yìí pa. Àbídì á máa so ẹran síbẹ̀.”

Maimunah wo àwọn ọmọ. Ó wo yàrá. Ó lọ to bẹ́ǹṣì sílẹ̀.

Ni àwọn ọmọ bá jókòó. Ẹ ti bá ọmọ jókòó rí, ẹ mọ bó ti ń rí. Èyí ń ti èyí, Àbdùlràhmọ̀n kékeré sùn lọ, ó jábọ́ láti orí bẹ́ǹṣì. Maimunah fi orin dí ẹkún wọn, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọjọ́ náà tètè dé, kó sì tètè lọ.

Ọjọ́ pé. Ọ̀rọ̀ tí Alága fẹ́ sọ ti wà nílẹ̀, ó gùn bí ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, gbogbo ìpínrọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Èmi.” Orí tábìlì ló fi sí. Ọ́fíìsì ò ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ẹ rántí ewúrẹ́. Nígbà tí Alága dé, ìpínrọ̀ ìkẹyìn ló kù lẹ́nu ẹran náà, ó ń jẹ ẹ́ lọ bí ẹni tó gbà pẹ̀lú gbogbo rẹ̀.

“Àbídì.”

“Sà.”

“Ta ló ṣe èyí?”

Ewúrẹ́ ti jáde. Àbídì na tábìlì. Ẹnikẹ́ni mìíràn ì bá wá bébà, á kọ ìwọ̀nba tó rántí. Alága jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ọ̀tá ti dìde sí òun. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí Ìkirè nìyẹn, orí rẹ̀ ṣófo, fìlà rẹ̀ sì kún.

Àbídì ti ṣe pèpéle gíga kan síwájú yàrá, nítorí Alága ní òun kò lè dúró ní ìdọ́gba pẹ̀lú ọmọ tó ń tọ̀ sára. Ilẹ̀kùn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ló fi ṣe ilẹ̀ pèpéle. Pákó tó dá ọ̀ràn ló fi ṣe àtẹ̀gùn. Nígbà tó sì jẹ́ pé kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń fi igi ṣe ju kí wọ́n nà án lọ, táyà àwọn ọmọ ló tún fi tì í nísàlẹ̀. Ẹ ṣáà ń bá wa kà á: àwọn ọ̀tá Olóyè ti pàdé, wọ́n ti fọwọ́ kọ́wọ́.

Dókítà Olúwaṣeunfúnmi dé nínú bùbá àǹkárá àti bàtà pẹlẹbẹ. Ó lóṣòó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ba Alága nínú jẹ́ pé ìjọba lè lóṣòó. Tíṣà Jemima wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tíṣà Àpòmù, Sàlámọ̀tù náà gbé agbọ̀n dòdò wá fún àlejò. Àwọn ọmọ ká ọwọ́. Maimunah dúró ti ògiri, ó ń ka ojú wọn, ẹkún wo ni yóò kọ́kọ́ yọ.

Alága dìde, ó kọrí sí pákó.

“Bàbá,” ni Qaosarat wí, “ẹ wo ẹsẹ̀ yín o. Pákó yẹn máa ń mì.”

“Dákẹ́,” ni Àbídì wí. “Alága kì í wo ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń wo Alága.”

Alága gun pákó. Ó gbé ọwọ́ kan sókè láti juwọ́ sí Òṣogbo, ó fi èkejì gbá agbádá mú. Pákó mì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ì bá na ọwọ́ bíi lékeléke. Alága na ìka sí pákó, ó ní, “Ìwọ, dúró jẹ́ẹ́.” Gbogbo ohun tó rí sọ lórí àtẹ̀gùn náà nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, agbádá lọ sókè, Olóyè lọ sísàlẹ̀, fìlà yí gbirigbiri lọ bá Sàlámọ̀tù lẹ́sẹ̀.

Kò ṣèṣe. Ẹ má ṣàánú jù. Orúnkún rẹ̀ ló bó díẹ̀, bí ti Qaosarat. Ó wulẹ̀ nà síbẹ̀ gbalaja, ó ń retí, bó ti ń retí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Àbídì kò já a kulẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ilẹ̀ pá, pá. Ohùn Alága wá jáde lábẹ́ agbádá, ó ti ń gbọ̀n.

“Nà án. Na pákó náà. Na táyà. Ilẹ̀kùn wà nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìkirè pátá wà nínú rẹ̀.” Ni ẹkún bá dé, ẹkún tó ti ń wá ọ̀nà jáde láti ọdún gbọọrọ, hí-hìn, hí-hìn.

Àbdùlràhmọ̀n kékeré yí ojú sí Maimunah. “Àǹtí, ṣé wọ́n gbàṣẹ kí wọ́n tó ṣubú?”

Dókítà gbọ́ ọ. “Àṣẹ kí ni, ọkọ mi?”

Jemima ló dáhùn. Ó rọra dìde, ó ní, “Èèwọ̀ ni, mà. Alága ní ọmọ tó bá fẹ́ ṣubú kó gbàṣẹ. Wọ́n sì ní ẹni tó ń kọ́ ìrìn kó jókòó títí yóò fi mọ̀ ọ́n rìn.”

Dókítà gbé ọwọ́ bo ẹnu fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó ṣí i, Àbídì ló kọ́kọ́ kọjú sí.

“Ẹ dúró ná, arákùnrin. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń nà yìí, ilẹ̀ ta ni?”

“Ilẹ̀ ìjọba ni, mà.”

“Ta ló rán mi wá síbí?”

“Ìjọba ni, mà.”

“Ẹ wá ń na ìjọba lójú mi.”

Ọwọ́ Àbídì dúró lófuurufú. Nígbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, ó ń ra ilẹ̀ náà ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ tuntun lára.

“Alága,” ni Dókítà wí, “ṣé ẹ̀yin lẹ pàṣẹ tí wọ́n ń sọ yìí?”

Alága yọ orí nínú agbádá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ilẹ̀ kan tí wọ́n máa nà. “Àbídì ni. Àbídì ló pàṣẹ. Àbídì náà ló gbé pákó síbẹ̀. Òun ni kí ẹ mú.”

Àbídì dìde. Ó gbọn erùpẹ̀ lọ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pe ẹnikẹ́ni ní oòrùn.

“Alága, iṣẹ́ tí ẹ gbà mí sí ni kí n máa na ilẹ̀. Ẹ ò sọ fún mi pé èmi náà ni ilẹ̀.” Ó kí gbogbo ilé, ó rìn jáde, kò wẹ̀yìn.

Kò wá sẹ́ni tó ń na nǹkan mọ́. Qaosarat tú ọwọ́ tó ká, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó lọ lóṣòó síwájú Alága.

“Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?”

“Pákó ló tì mí.”

“Pákó ò lọ́wọ́.” Ó wo orúnkún rẹ̀. “Ó dùn yín?”

“Ó dùn mí.”

“Ẹ sunkún díẹ̀ sí i. Ṣé ká wá tún un ṣe?”

“Mi ò ṣe mọ́. Ẹ gbé mi lọ sílé.”

Ọmọ náà gba fìlà lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ó gun pákó. Pákó mì sọ́tùn-ún, ó dúró, ó wo ẹsẹ̀, ó tún ara ṣe, ó rìn ín já, ó gbé fìlà sórí àga ńlá tí wọ́n ti gbé sórí pèpéle de Alága. Fìlà ló ṣe Alága fún ìyókù ọjọ́ náà. A ò sì rí ibi tó ti ṣe é burú. Wọ́n jẹ dòdò, Dókítà bọ́ bàtà, ó gun pákó, ó ṣubú, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe.

Ẹni tí Òṣogbo mú ṣe olùdámọ̀ràn kì í ṣe ẹni tí agbádá rẹ̀ gùn. Wọ́n mú ẹnì kan láti ibòmíràn, wọ́n gba ipò Alága lọ́wọ́ Olóyè, wọ́n gbé e fún Tíṣà Jemima. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó dá ilẹ̀kùn padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú ewúrẹ́ ò dùn sí i. Yanrìn padà sábẹ́ máńgòrò, pákó padà sórí táyà. Àbídì gba ilé Jemima lọ láti tọrọ iṣẹ́, ó na àpótí kan láti fi hàn. Jemima ní ọwọ́ yìí á dára fún ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ilé búrẹ́dì ló wà báyìí, wọ́n ní búrẹ́dì rẹ̀ rọ̀ gan-an.

Barnabas jókòó sílé ní Àpòmù, ó ń retí ẹni tí yóò wá kí òun ní oòrùn. Oòrùn gan-an nìkan ló ń wá. Ó ka gbogbo ẹni tó jẹ̀bi fún Fọláṣẹwà: Dókítà, Jemima, Àbídì aláìmoore, ọmọ tó sọ̀rọ̀ sí i lórí pákó.

“Ẹ ti sọ gbogbo èèyàn tán?” ni Fọláṣẹwà bi í.

“Ó ku ewúrẹ́.”

“Ẹ fi ewúrẹ́ sílẹ̀. Goodness ọmọ ọmọ yín ti wà nílé yìí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Bó bá kọsẹ̀, á nà sílẹ̀ á máa retí yín. Mo ti mọ ibi tí ìyẹn ń lọ, mo ti bá a gbélé. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkirè, lọ́dọ̀ Maimunah. Ẹ̀yin ni yóò máa mú un lọ, ẹ ò kúkú ní ọ́fíìsì.”

“Fọláṣẹwà, Ìkirè yẹn?”

“Ìkirè yẹn.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń retí ọkọ̀ tó ń ké níwájú ṣe gun ọ̀kadà tó ń ké lábẹ́. Goodness wà láàárín òun àti ọlọ́kadà, ó di agbádá rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ọmọ wà lórí yanrìn. Maimunah kí i, ó kúnlẹ̀ bó ti yẹ, kò rẹ́rìn-ín. Sàlámọ̀tù, tó wá fi Qaosarat sílẹ̀, ló rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yí ojú sí ìgànná.

Olóyè gbé orí sókè bó ti máa ń gbé e, ó fi ẹsẹ̀ kọ ìloro ẹnu ọ̀nà, ó balẹ̀ gbì lórí orúnkún kan náà.

Goodness wo ilẹ̀, ó wo bàbá àgbà rẹ̀, ó ń retí bí wọ́n ṣe máa nà án. Olóyè Barnabas gbé ọwọ́ sókè, gíga, bí ti ìyá rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró níbẹ̀. Ó wo ìloro. Ìloro kò kúrò níbi tó wà. Ojú ọmọ náà kò kúrò lára rẹ̀.

Ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò lu ilẹ̀. Ó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi tì í, orúnkún kan dìde, èkejì tẹ̀ lé e, Olóyè dúró.

“Mi ò wo ẹsẹ̀ mi ni,” ló sọ fún Goodness, ohùn rẹ̀ kéré débi pé Àbídì ì bá ti pe dókítà.

Qaosarat ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó gbá Goodness lọ́wọ́ mú, ó gbé ojú sókè wo àgbàlagbà náà, ó nawọ́ sí ìta.

“Bàbá, ẹ padà síta. Ẹ tún un wọlé.”

Ó padà síta. Ó tún un wọlé.